Ta Ló Ni Ìròyìn Òjò?

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lọ́tẹ̀ yìí lè kọ́kọ́ dà bí ẹni pé kò kan ọ̀dọ́ Mùsùlùmí rárá. Ọ̀rọ̀ òjò ni, ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ àti ooru ni, ó sì jẹ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà tó ń ṣírò bí ojú ọjọ́ yóò ṣe rí lọ́la. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fara balẹ̀ kà á dé ìparí, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ ni, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ènìyàn sì ni pẹ̀lú. Ìbéèrè tí a fẹ́ gbé yẹ̀wò nìyí: nígbà tí iléeṣẹ́ ìjọba bá ti fi owó ìlú ṣírò ojú ọjọ́ ọ̀la, ta ló ni ìṣirò náà? Ṣé iléeṣẹ́ tó ṣe é ni, tó lè tì í mọ́ inú àpótí kí ó máa tà á fún ẹni tó bá lówó lọ́wọ́? Tàbí gbogbo ènìyàn ló ni ín, láti orí àgbẹ̀ títí dé orí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣe ìwádìí ní yunifásítì?

Kí a tó dáhùn, ó yẹ kí á mọ ohun tí à ń sọ gan-an. Ohun tí a ń gbọ́ lórí rédíò, pé ó ṣeé ṣe kí òjò rọ̀ ní àwọn ibì kan ní gúúsù, èérún lásán ni lára oúnjẹ ńlá. Káàkiri àgbáyé ni àwọn òṣìṣẹ́ ojú ọjọ́ ti ń wo ìwọ̀n ooru, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́, agbára afẹ́fẹ́ àti iye òjò tó rọ̀, tí wọ́n sì ń kọ ọ́ sílẹ̀ ní wákàtí kan náà. Lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, ní nǹkan bí aago kan òru àti aago kan ọ̀sán tiwa ní Nàìjíríà, ni wọ́n ń fi bàlúùnù ńlá tí wọ́n so ẹ̀rọ kékeré mọ́ ránṣẹ́ sí òkè, tí yóò sì máa ròyìn ohun tó bá pàdé lọ́nà; òmíràn a máa gòkè dé nǹkan bí kìlómítà 30. Sátẹ́láìtì ń wò láti òkè, àwọn ọkọ̀ òkun àti ọkọ̀ òfuurufú ń fi tiwọn kún un. Gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń kó sínú kọ̀ǹpútà ńláńlá, tí yóò pín afẹ́fẹ́ tó yí ayé ká sí ìpín wẹ́wẹ́, bí àgbẹ̀ ṣe ń pín oko sí ebè, tí yóò sì ṣírò ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ ní ebè kọ̀ọ̀kan ní wákàtí dé wákàtí, fún ọjọ́ mélòó kan síwájú.

Èso iṣẹ́ yìí kì í ṣe gbólóhùn kan ṣoṣo bí kò ṣe àìmọye ìṣirò. Ẹni tó rí ìṣirò náà fúnra rẹ̀ lè ṣe ohun tí ẹni tó gbọ́ gbólóhùn rédíò kò lè ṣe. Ẹni tó ń ṣọ́ ìdídò lè mọ iye omi tó ń bọ̀, kí ó sì tètè bẹ̀rẹ̀ sí í tú díẹ̀díẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tó ń sin adìyẹ lè mọ òru tí ooru yóò mú jù. Akẹ́kọ̀ọ́ lè fi ìṣirò àná wé òjò tó rọ̀ ní ti gidi, kí ó sì sọ fún àwọn tó ṣe é pé ibi báyìí ni wọ́n ti kùnà. Nítorí náà, nígbà tí a bá ń béèrè bóyá ó yẹ kí wọ́n pín ìròyìn ojú ọjọ́ fún gbogbo ayé, kì í ṣe ti gbólóhùn rédíò là ń sọ. Ìyẹn kò ní ìjà nínú. Ti ìṣirò là ń sọ.

Ẹ jẹ́ kí á wo ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀ wá. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1859, ìjì ńlá fọ́ ọkọ̀ òkun kan tí wọ́n ń pè ní Royal Charter mọ́ àpáta ní etíkun Wales, nǹkan bí 450 ènìyàn ló sì bá a lọ. Robert FitzRoy, ọ̀gá ológun ojú omi tó jẹ́ olórí ẹ̀ka ojú ọjọ́ tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá sílẹ̀ ní 1854, rí i pé bí ìjì bá ti kọlu etíkun kan, wáyà lè gbé ìròyìn rẹ̀ dé etíkun kejì kí ìjì fúnra rẹ̀ tó débẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 1861, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìkìlọ̀ ìjì ránṣẹ́ sí àwọn èbúté. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ ọdún kan náà, àsọtẹ́lẹ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́ fún gbogbo ènìyàn jáde nínú ìwé ìròyìn The Times. Nígbà tí àsọtẹ́lẹ̀ bá kùnà, àwọn ènìyàn a fi í ṣẹ̀sín. Ó kú ní 1865. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ìgbìmọ̀ kan sọ pé ìmọ̀ tó wà nídìí iṣẹ́ náà kò tíì fẹsẹ̀ múlẹ̀ tó, wọ́n sì dá a dúró. Àwọn tó ń fi òkun ṣiṣẹ́ jẹ kò gbà, ó sì di dandan kí wọ́n dá ìkìlọ̀ ìjì padà ní 1867. Àwọn ọ̀mọ̀wé ń ṣiyè méjì lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ̀mí rẹ̀ wà lórí omi ti mọ iye tí ìròyìn náà tó fún òun.

Ìtàn FitzRoy fi oore tó wà nínú pípín hàn wá. Ìtàn méjì mìíràn wà tó fi ohun tó wà nínú fífi pamọ́ hàn.

Ìtàn àkọ́kọ́ jẹ́ ti ọdún 1900. Lẹ́yìn ogun tí Amẹ́ríkà bá Spéènì jà ní 1898, Kúbà bọ́ sábẹ́ ìjọba ológun Amẹ́ríkà. Ní Havana, àwọn àlùfáà ìjọ Kátólíìkì kan tó jẹ́ ọ̀mọ̀wé ti ń ṣọ́ ìjì òkun fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n sì ti di ọ̀gá nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀gá iléeṣẹ́ ojú ọjọ́ Amẹ́ríkà kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa bá àwọn du ipò. Wọ́n jẹ́ kí ìjọba ológun fi òfin de àwọn ará Kúbà kí wọ́n má lè fi ìròyìn ìjì ránṣẹ́ lórí wáyà mọ́. Ìjì kan sì dé ní àkókò yẹn gan-an. Àwọn ará Havana rí i pé ìhà ìwọ̀-oòrùn ló ń lọ, àwọn ti Amẹ́ríkà ní yóò yà sí ìhà Florida. Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹsàn-án ọdún 1900, ó bọ́ lu ìlú Galveston ní Texas. Ó kéré tán, 6,000 ènìyàn ló kú. Títí di òní, kò tíì sí ìjàm̀bá ojú ọjọ́ tó pa ènìyàn tó bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà.

Ìtàn kejì ṣẹlẹ̀ sí àwọn tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ará wa nínú ẹ̀sìn. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1970, tó bọ́ sínú oṣù ààwẹ̀ Ramadan ọdún 1390, ìjì òkun tí wọ́n ń pè ní Bhola gbá omi wọ ilẹ̀ tí a ń pè ní Pakistan Ìlà-oòrùn nígbà náà, èyí tó di Bangladesh lónìí. Àwọn ọkọ̀ òkun tó wà nítòsí ti ròyìn ìjì náà, ìròyìn wọn sì dé ọ̀dọ̀ ìjọba Íńdíà, ṣùgbọ́n Íńdíà àti Pakistan kò rẹ́ nígbà náà, ìròyìn náà kò sì kọjá ibodè. Ìṣirò tó kéré jù nínú èyí tí àwọn onímọ̀ ń lò ni pé 300,000 ènìyàn ló kú. A kò sọ pé ìròyìn yẹn nìkan ni ì bá gba gbogbo wọn là, nítorí ìkìlọ̀ tó wà nínú ilẹ̀ náà pàápàá kò dé etí ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ṣùgbọ́n ta ni yóò dúró níwájú Ọlọ́hun lọ́jọ́ ìgbéǹde, tí yóò ní òun mọ̀ pé omi ń bọ̀ lórí àwọn ọmọdé tó sùn, ṣùgbọ́n òun dákẹ́ nítorí pé òun àti baba wọn ń jà? Nígbà tí Bangladesh kọ́ ilé ààbò, tí wọ́n kó àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni jọ láti máa ké ìkìlọ̀ káàkiri abúlé, tí ìròyìn sì ń wọlé láti ibi gbogbo, ìjì ńlá Sidr tó dé ní 2007 pa nǹkan bí 3,400 ènìyàn. Ó dunni, ṣùgbọ́n ẹ fi wé 300,000.

Ẹnìkan lè sọ pé: èyí kò le rárá, ẹni tó bá fi ìkìlọ̀ ikú pamọ́ ti dẹ́ṣẹ̀, ó parí. Ṣùgbọ́n ìjà òde òní kò rí bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tó ń jà pé kí wọ́n ta ìkìlọ̀ ìjì. Ìjà náà wà lórí ìṣirò ojoojúmọ́, àwọn tó sì ń fẹ́ kí wọ́n máa tà á ní àwíjàre tó yẹ kí á gbọ́ tinútinú.

Èkíní, wọ́n ní iṣẹ́ náà gba owó. Kọ̀ǹpútà àti sátẹ́láìtì kì í ṣe ohun à-jí-rà. Láàárín 1980 sí 1995, ìjọba púpọ̀ ní Yúróòpù sọ fún àwọn iléeṣẹ́ ojú ọjọ́ wọn pé kí wọ́n wá lára owó tí wọn yóò ná fúnra wọn. Bí wọn kò bá tà, báwo ni wọn yóò ṣe sanwó òṣìṣẹ́? Èkejì, wọ́n ní bí a bá fi ìṣirò sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, àwọn oníṣòwò ńlá ni yóò kó o, tí wọn yóò fi aṣọ tuntun wọ̀ ọ́, tí wọn yóò sì tà á padà fún aráàlú tó ti fi owó orí rẹ̀ ṣe é. Ẹ̀kẹta, wọ́n ní ìṣirò lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lò lè da ìlú rú.

Àwọn tó ń fẹ́ kí ìjọba má pín in pọ̀ pàápàá ní Amẹ́ríkà, níbi tí òfin ti sọ pé ohun tí òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ bá fi iṣẹ́ ọba ṣe, ẹnikẹ́ni kò lè gbẹ́sẹ̀ lé e pé tòun ni. Ní 2004, iléeṣẹ́ ojú ọjọ́ wọn fi àkójọ àsọtẹ́lẹ̀ oníṣirò tí wọ́n ń pè ní National Digital Forecast Database sí ìta fún gbogbo ènìyàn. Kò pé ọdún kan tí aṣòfin kan, Rick Santorum láti Pennsylvania, fi gbé àbá òfin kalẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 2005, pé kí iléeṣẹ́ ìjọba yéé ṣe iṣẹ́ tí àwọn oníṣòwò lè ṣe, àyàfi ìkìlọ̀ ewu. Àbá náà kú sílé aṣòfin, kò di òfin. Ṣùgbọ́n ó fi han gbogbo ayé pé àwọn kan wà tí wọ́n rí òjò Ọlọ́hun bí ọjà.

Ẹ jẹ́ kí á dá wọn lóhùn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní ti owó, òótọ́ ni pé iṣẹ́ náà gba owó. Ṣùgbọ́n ta ló san án? Aráàlú ni. Ẹni tó ti sanwó kànga, ṣé ó tún yẹ kí ó sanwó kí ó tó pọn omi níbẹ̀? Èyí tó tún ju ìyẹn lọ ni pé kò sí orílẹ̀-èdè kan tó lè ṣe iṣẹ́ yìí fúnra rẹ̀. Ìjì tí yóò dé Èkó lọ́la lè wà ní Chad lónìí. Òṣìṣẹ́ tó rán bàlúùnù sókè ní Kano, tàbí tó ka iye òjò ní Ìlọrin, ti fi tirẹ̀ kún ìṣirò tí kọ̀ǹpútà ńlá Yúróòpù ń ṣe. Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí. Báwo wá ni ẹni tí ọ̀pọ̀ ọwọ́ bá gbé ẹrù ṣe lè dá ẹrù náà gbé wọ yàrá, kí ó sì máa gba owó lọ́wọ́ àwọn tó bá a gbé e?

Ohun mìíràn wà tó mú ìmọ̀ yàtọ̀ sí iṣu. Bí a bá fún aládùúgbò ní iṣu kan, iṣu tiwa ti dín kan. Bí a bá jẹ́ kí ó tan fìtílà rẹ̀ lára tiwa, iná wa kò dín. Ìṣirò ojú ọjọ́ jọ iná yìí. Ó tún ní ohun tí iná kò ní: kì í pẹ́ kú. Àsọtẹ́lẹ̀ ọ̀la kò wúlò mọ́ fún àgbẹ̀ ní ọ̀túnla. Ẹni tó tì í pa títí ẹnikẹ́ni kò fi rà á kò fi nǹkan kan pamọ́ de ọjọ́ iwájú. Ó kàn jẹ́ kí ó bàjẹ́ ni.

Ní ti pé àwọn oníṣòwò yóò kó o tà, a kò sẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ta ni títì í pa ń dùn jù? Oníṣòwò ńlá lè rà á bó ti wù kí ó wọ́n tó. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ ìwé àṣekágbá, ẹgbẹ́ àgbẹ̀ ní abúlé, ilé ìwòsàn kékeré, àwọn wọ̀nyí ni ilẹ̀kùn títì ń dá dúró síta. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwòrán ilẹ̀ tí sátẹ́láìtì Landsat ti Amẹ́ríkà ń yà. Nígbà tí wọ́n ń tà á ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún dọ́là fún àwòrán kọ̀ọ̀kan, iye tí ayé ń rà lọ́dún kò ju ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ. Nígbà tí wọ́n fi í sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ ní 2008, kò pẹ́ tí iye tí wọ́n ń gbà lọ́dún fi wọ mílíọ̀nù. Àwòrán náà kò yàtọ̀, ojú ọ̀run náà kò yàtọ̀. Ohun tó yàtọ̀ ni pé ẹni tí kò lówó ti rí ọ̀nà wọlé.

Èyí kò wá sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gba owó rárá. Ẹ jẹ́ kí á fi mẹ́ruwà ṣe àpẹẹrẹ. Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, ti kọ́ wa pé omi wà lára ohun tí gbogbo ènìyàn jọ ni. Síbẹ̀, mẹ́ruwà tó pọn omi odò, tó fi kẹ̀kẹ́ tì í dé ẹnu ọ̀nà wa, kò jẹ̀bi bí ó bá gba owó iṣẹ́ rẹ̀, nítorí owó ẹsẹ̀ rẹ̀ ló gbà. Ohun tó burú ni kí ó dúró létí odò kí ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ bù ú. Ní ti ìṣirò ojú ọjọ́, ẹni tó bá fi iṣẹ́ kún un, tó tú u sí èdè tí àgbẹ̀ gbọ́, tàbí tó gbé e déni kíákíá láìyẹ̀, lè gba owó iṣẹ́. Ṣùgbọ́n odò kò gbọ́dọ̀ di tirẹ̀.

A dúpẹ́ pé ìhà ibẹ̀ ni ayé ń yí sí. Ní 1995, Àjọ Ojú Ọjọ́ Àgbáyé, WMO, tí Nàìjíríà ti wà nínú rẹ̀ láti 1960, fi ìpinnu kan pín àkọsílẹ̀ sí méjì: èyí tó pọn dandan, tí wọ́n gbọ́dọ̀ pín lọ́fẹ̀ẹ́, àti àfikún, tí onílé lè fi àṣẹ dè. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2021, wọ́n fi ìpinnu tuntun rọ́pò rẹ̀, èyí tó mú ohun tí wọ́n gbọ́dọ̀ pín gbòòrò ju ti ìṣáájú lọ. Iléeṣẹ́ tí àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù jọ dá sílẹ̀ ní 1975, ECMWF, tí ọ̀pọ̀ gbà pé àsọtẹ́lẹ̀ rẹ̀ wà lára èyí tó péye jù láyé, máa ń ta ìṣirò rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní 2022 ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi apá kan sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, nígbà tó sì di ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 2025, ó ṣí gbogbo àkójọ àsọtẹ́lẹ̀ ojoojúmọ́ rẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Owó iṣẹ́ gbígbé e déni nìkan ló kù tó ń gbà, lọ́wọ́ àwọn tó bá fẹ́ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà mẹ́ruwà ni wọ́n gbà. Lónìí, akẹ́kọ̀ọ́ ní Ìbàdàn tó ní kọ̀ǹpútà àti íntánẹ́ẹ̀tì lè rí àkójọ ERA5 gbà lọ́fẹ̀ẹ́, èyí tó ṣírò ojú ọjọ́ ibi gbogbo láyé láti 1940 wá.

Àwíjàre ẹ̀kẹta, pé ìṣirò lè da ìlú rú, ló wúwo jù lójú wa, nítorí òótọ́ wà nínú rẹ̀. Gbogbo wa ti rí irú ìròyìn tó ń fò káàkiri orí fóònù, pé omi yóò bo ìlú báyìí lọ́jọ́ báyìí, tí kò sì ní orísun. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa: ibi tí ìròyìn òótọ́ bá ṣọ̀wọ́n ni irọ́ ti ń rí ọjà tà. Bí ìṣirò bá wà níta, ẹni tó gbọ́n lè lọ yẹ̀ ẹ́ wò kí ó tó gba ọ̀rọ̀ gbọ́, bí ẹ̀sìn wa ti pàṣẹ fún wa láti ṣèwádìí ìròyìn kí a tó tẹ̀ lé e. Nítorí náà, ojúṣe wà lọ́rùn ẹni tó ń pín, ojúṣe sì wà lọ́rùn ẹni tó ń gbà. Ẹni tó gba ìṣirò gbọ́dọ̀ sọ ibi tó ti rí i. Kò gbọ́dọ̀ yí i padà. Kò sì gbọ́dọ̀ fi "yóò ṣẹlẹ̀" rọ́pò "ó ṣeé ṣe." Irú ọ̀rọ̀ kékeré yìí ni ń sọ ìmọ̀ di irọ́.

Àwọn kan nínú wa a tún máa béèrè pé: ṣé sísọ òjò ọ̀la kò ta ko ìgbàgbọ́ wa, nígbà tó jẹ́ pé Ọlọ́hun nìkan ló mọ ohun tó pamọ́? Ìbéèrè rere ni. Ìyá tó sá èlùbọ́ síta, tó rí i pé òjò ti ṣú ní ìlà-oòrùn, tó sì sáré kó èlùbọ́ rẹ̀ wọlé, kò sí àlùfáà tó jẹ́ pè é ní awòràwọ̀. Àmì tí Ọlọ́hun gbé sójú ọ̀run ló kà. Ohun tí kọ̀ǹpútà ń ṣe kò ju ìyẹn lọ. Àmì tó ń kà ló pọ̀ ju ti ìyá náà. Òun fúnra rẹ̀ sì ń jẹ́wọ́ àìlágbára rẹ̀, nítorí ìdá 70 nínú 100 ló ń wí, kì í búra. Ẹni tó sọ pé òun mọ̀ dájú, tí kò sì lè fi ẹ̀rí hàn, ìyẹn ni kí á sá fún.

Bí a bá wá ń wá àwòkọ́ṣe nínú ọ̀rọ̀ yìí, ẹ jẹ́ kí á rántí Ànábì Yúsúfù, kí ọlà Ọlọ́hun máa bá a. Nínú ẹ̀wọ̀n ló wà, láìṣẹ̀ láìrò, nígbà tí wọ́n wá bi í ní ìtumọ̀ àlá ọba. Ìmọ̀ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni ì bá fi ra òmìnira rẹ̀. Ì bá ní kí wọ́n kọ́kọ́ tú òun sílẹ̀ ná. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó sọ fún wọn nípa ọdún méje ọ̀pọ̀ àti ọdún méje ìyàn, ó sì fi ìmọ̀ràn lé e, pé kí wọ́n fi ọkà tí wọ́n bá kórè sílẹ̀ nínú ṣírí rẹ̀. Lẹ́yìn tí ìròyìn náà ti dé ọ̀dọ̀ ọba ni ọ̀rọ̀ ẹjọ́ tirẹ̀ tó jáde. Àwọn wo ló jàǹfààní? Àwọn ará Íjíbítì tó tì í mọ́lé ni, àti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó jù ú sínú kànga. Òótọ́ ni pé ìmọ̀ tirẹ̀ wá láti ọ̀dọ̀ Ọlọ́hun tààrà, tiwa sì jẹ́ ìṣirò. Ṣùgbọ́n ìwà tó wà nínú rẹ̀ kan gbogbo wa: ẹni tí ó mọ̀ pé ìyàn ń bọ̀ kì í dúró dúnàá-dúrà.

Ẹ má sì jẹ́ kí á rò pé bí ilẹ̀kùn bá ti ṣí, iṣẹ́ parí. Ìbàdàn kò gbàgbé odò Ògùnpa ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, nígbà tí ẹ̀mí tó ju 100 lọ bá omi lọ, kò sì gbàgbé ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, nígbà tí omi tún gba ẹ̀mí tó ju 100 lọ. Ní 2022, omíyalé pa ènìyàn tó ju 600 lọ ní Nàìjíríà, ó sì lé àwọn tó ju mílíọ̀nù kan lọ kúrò nílé. Ìkìlọ̀ ti jáde ṣáájú lọ́dún náà láti ọ̀dọ̀ àwọn iléeṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ kàn. Àwọn àgbà ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Ṣùgbọ́n arọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbọ́, kí ó gbọ́ ọ ní èdè rẹ̀, kí ó sì rí ẹni tí yóò gbé e. Ìṣirò tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní èdè Gẹ̀ẹ́sì kò tíì dé ọ̀dọ̀ ẹni tó kọ́lé sí etí odò. Ìdí nìyí tí a kò fi gbà pé ìjọba nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí kàn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ìṣirò àti kọ̀ǹpútà, ọ̀nà ti ṣí tí kò ṣí fún àwọn baba yín. Ẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka àwọn àkójọ wọ̀nyí. Ẹ kó o lọ sí oko, sí ọjà, sí ilé ìwé, kí ẹ sì túmọ̀ rẹ̀ fún àwọn ìyá àti baba wa ní èdè tó yé wọn, láìbù kún un, láìyọ nínú rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ óò di ọ̀gá ní iléeṣẹ́ lọ́la, nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá kọ̀wé wá pé òun fẹ́ àkọsílẹ̀ òjò ọdún 30, ẹ rántí pé owó ta ni wọ́n fi kọ ọ́ sílẹ̀. Ní orílẹ̀-èdè púpọ̀ ní Áfíríkà, irú akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ ṣì ní láti sanwó tó ju agbára rẹ̀ lọ, ìwádìí tí ì bá gba ẹ̀mí là sì ń kú sórí ìwé ìbéèrè.

Eji kò bẹ́nìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji rí leji ń pa. Nígbà tí òjò kò yan ẹni tí yóò pa, kò tọ́ kí á máa yan ẹni tí yóò gbọ́ pé ó ń bọ̀. Kí Ọlọ́hun fi ìmọ̀ tó ń ṣeni láǹfààní kẹ́ wa, kí Ó má jẹ́ kí á wà lára àwọn tó ń fi í pamọ́, kí Ó sì jẹ́ kí òjò ọdún yìí jẹ́ òjò ìbùkún lórí ilẹ̀ wa. Àmín.